Ẹni Kẹta Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Ọjọ́ Àìkú ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé Bàbá Ọ̀mọ̀wé ní Galtimari, àdúgbò kan ní Maiduguri, mo fẹ́ kí àwọn tó jókòó lábẹ́ igi nínú ọgbà, ni arúgbó onílé tó wà láàárín wọn bá gbé ọwọ́ sókè sí mi pé kí n dúró. Ìpè ìrun ń lọ lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìpè náà tán, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Aago mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká kọrin.” Ìgbà náà ló tó wojú mi. “Ìwọ àgùnbánirọ̀, wọlé. Àwọn aládùúgbò wa ló ń pe Ọlọ́run lọ́wọ́. A kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó tì mí lónìí ń bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá, tó tún jẹ́ onígbàgbọ́, lọ ṣe ní Borno. Mi ò ní ìdáhùn kan ṣoṣo tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ohun tí mo fojú mi rí ni màá sọ fún yín. Èyí tí mo fetí gbọ́, màá sọ pé mo gbọ́ ọ ni. Ìlànà abẹ́ igi yẹn nìyẹn, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi láti ìgbà náà. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí nílé ìsìn á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sọ ohun tó wù ú, àwa á sì pàtẹ́wọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Maiduguri láti wá sin ilẹ̀ bàbá wa. Yàrá kan ni mo gbà lẹ́yìn Post Office. Ariwo ibẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Àwọn tó ń ta omi á máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn kọjá, kẹ́ẹ̀gì á kún inú rẹ̀ bámú, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà á sì máa ké bí ọmọ ológbò. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo ìlú, ẹ ò ní rí ilé tó kọjú sí yín. Bí ooru bá dé, gbogbo ènìyàn á gbé ibùsùn síta. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń bínú sí mi àti ẹni tó kàn ń fi ohùn ńlá kí mi.

Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà: olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ báǹkì, nọ́ọ̀sì, àti àwọn olùkọ́ ní yunifásítì. A ń lọ sí “kasuwa”, a kì í lọ sọ́jà mọ́. A ń kí ara wa ní “sannu” ká tó rántí “ẹ kú ìrọ̀lẹ́”. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ a máa lá àlá ní èdè Hausa. Ìyá wọn ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀, èmi ò gbọ́ àlá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Bíọ́dún, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, tó fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, tó fi Hausa parí rẹ̀. Bàbá Ọ̀mọ̀wé ló sọ “àmín” tó ròkè jù.

Bàbá Ọ̀mọ̀wé yìí, omi abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ó sì tún ń lọ láti abúlé dé abúlé, tòun ti okùn gígùn kan tó di kókó kókó sí, tó so irin mọ́ ẹnu rẹ̀. Á sọ ọ́ sínú kànga, á wo ibi tí omi wà. Àwọn ará Hausari, àdúgbò àwọn oníṣòwò nínú ìlú náà, kì í pè é lórúkọ, Mallam Rijiya ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Olùkọ́ Oníkànga. Ó tún jẹ́ oníwàásù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ aṣọ àlùfáà. Òun ló dá ìpàdé abẹ́ igi náà sílẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ìjábọ̀. Ó ní ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ẹni tó rán an. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹnìkan nínú wa á dìde, á sọ iṣẹ́ tó gbà pé Ọlọ́run rán an wá ṣe nílùú yẹn, àti ibi tó ṣe é dé.

Ìlànà rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀. Ohun tí o fojú rí nìkan ni kí o sọ. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe, o kò sì gbọdọ̀ bínú. O gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ tún ibẹ̀ sọ bó ṣe rí gan-an. Ní ìparí, ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀ràn náà á ní, “Mo jẹ́rìí.” Ẹni tí kò mọ̀ á ní, “Mo gbọ́.” Bí olùgbọ́ kò bá tó méjì, kò sí Ìjábọ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé lẹ́nu ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ fi ń fìdí múlẹ̀. Onílé ni yóò sì sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí gbogbo àlejò bá ti sọ tán.

Bàbá Bíọ́dún, òṣìṣẹ́ báǹkì, ló sọ èyí tí n kò lè gbàgbé. Ó ní òun ń bọ̀ láti Potiskum, epo ọkọ̀ gbẹ táútáú, òun bá gbàdúrà, òun sì di ojú. Nígbà tí òun lajú, ọkọ̀ ń sáré, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ délé. Ìyàwó rẹ̀ tún ìborùn rẹ̀ so.

“Bàbá Bíọ́dún, ẹ má bínú o. Epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ sùn. Dírẹ́bà ló rọ ọ́ sí i.”

“Ìyá Bíọ́dún, ṣé kẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀ lóòótọ́?” ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

“Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé tí ẹ ní kí n má gbé dání, pé ó ń rùn.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá Ọ̀mọ̀wé kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní, “Ọlọ́run náà la ó ṣì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó fún ọ ní ìyàwó tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì. Ó yá, tún un sọ.” Bàbá Bíọ́dún tún un sọ, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì nínú rẹ̀. Kò sì bínú. Bó ti wù kí irọ́ sáré tó fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti abẹ́ igi yẹn, kì í kọjá ìrọ̀lẹ́.

Ẹnìkan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín nípa rẹ̀: Alhaji Modu. Ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Hausari, níbi tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti tajà. Ọ̀rẹ́ Bàbá Ọ̀mọ̀wé ni. Bí Iléyá bá dé, ẹran á ti ilé rẹ̀ wá. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì á ti Galtimari lọ, abọ́ kì í sì í padà lófìfo. Lọ́dún kan, Ìyá Bíọ́dún fi ata Yorùbá sí ìrẹsì náà. Alhaji mú omi títí, ó ránṣẹ́ wá pé ṣé Bàbá Ọ̀mọ̀wé ń wá kànga nínú ikùn òun ni. Àárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá jókòó. Kì í wá lọ́jọ́ Àìkú. Á ní, “Ọjọ́ yẹn tiyín ni.”

Ìyàwó Bàbá Ọ̀mọ̀wé ti kú kí n tó dé ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú àwọn onígbàgbọ́. Àwọn ènìyàn a máa bi Bàbá pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sílé, kí ló sì dé tí òun náà kò lọ, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìléṣà ń pè é. Ìdáhùn kan ló ní: “Ó di ọjọ́ tí Ìjábọ̀ bá kàn mí.” Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kì í kàn án. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ tuntun wá láti ìlú wa, ìyẹn á sì sọ tirẹ̀ kí onílé tó sọ. Mo sin ilẹ̀ bàbá mi tán, mo gba iṣẹ́ kékeré kan ní yunifásítì níbẹ̀, ọdún ń yí lu ọdún, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rí ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń jẹ́rìí. Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ mọ ohun tó di ọkùnrin yìí mú síbẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn tuntun kò dé mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Wọ́n gbé ẹlòmíràn lọ sí ìpínlẹ̀ míì, ẹlòmíràn fẹ̀yìn tì, ẹlòmíràn kó ọmọ rẹ̀ lọ sílé kó lè gbọ́ Yorùbá. Mi ò rò pé ìdí kan ṣoṣo ló fà á. Olúkúlùkù á tún jábọ̀ kó tó lọ, ìyẹn ni Ìjábọ̀ kò ṣe kan onílé. Ẹni tó bá ń lọ kò lè gbé gbogbo ẹrù rẹ̀, nítorí náà á fi àga kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá, pé kí wọ́n máa fi rántí òun lábẹ́ igi. Bí ènìyàn ṣe ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni àga ń pọ̀ sí i. A dé ibi tí ó jẹ́ pé àwa mẹ́rin la ń jókòó láàárín àga tó lé ní ogún. Orin wa kò ju ti ẹni tó ń kùn nídìí iṣẹ́ lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ewé dóńgóyárò á kún orí àwọn àga náà, Bàbá á sì máa gbá a kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ṣì ń bọ̀.

Bàbá Bíọ́dún àti ìyàwó rẹ̀ ló lọ gbẹ̀yìn. Bíọ́dún sunkún ní èdè Hausa. Láàárín oṣù yẹn kan náà, iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn jáde. Mo sọ fún Bàbá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ku àwa méjì.

“Ó dáa,” ló wí. “Ọlọ́run á ṣáájú rẹ.”

“Bàbá, ẹ̀yin ló kù. Ẹ sọ tiyín kí n tó lọ.”

“A ò pé.”

“Mo wà níbí, sà. Mò ń gbọ́.”

“Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ta ni yóò tún un ṣe? Ìwọ ni? O kò tíì dé nígbà náà.”

Mo ronú sí i lóru, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Olùgbọ́ lásán kọ́ la nílò. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà náà la nílò, gbogbo àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ sì ti lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Hausari, sọ́dọ̀ ẹni tó ti mọ Bàbá kí n tó dé. Alhaji Modu ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Mo dúró títí ó fi ṣe tán, mo wá fi Hausa mi tó ń tiro ṣàlàyé.

Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di onígbàgbọ́ lọ́jọ́ ogbó mi ni?”

“Rárá, Alhaji. Ẹlẹ́rìí la ń wá.”

“Ẹlẹ́rìí? Ta ló pe Mallam Rijiya lẹ́jọ́?”

“Òun fúnra rẹ̀ ni.”

Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ká aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó tún un tú, ó tún un ká. “Bí mo bá wá, ṣé mo lè sọ òtítọ́?”

“Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

“Ó dáa, ọmọ mi. Màá kírun, màá sì wá.”

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìpè ìrun tán, Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n kò dá orin. A dúró títí Alhaji fi ti mọ́ṣáláṣí dé, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní lónìí a ò ní kọrin, kó má baà nira fún àlejò. Alhaji ní, “Ẹ kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ẹ̀yìn ògiri yìí kọjá. Èyí tó gùn yẹn nìkan ni kí ẹ má kọ.” Àwa méjì kọ èyí tó kúrú. Lẹ́yìn náà ni Bàbá dìde, ó sì fi Hausa sọ̀rọ̀, kí ẹlẹ́rìí rẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Ó ní òun wá sí Borno pẹ̀lú èrò pé Ọlọ́run rán òun láti bá àwọn ènìyàn wá omi. Ó ní ní abúlé kan, òun gbàdúrà lórí kànga wọn fún ọdún púpọ̀, òun sì ń sọ okùn sí i lọ́dọọdún. Omi náà kò gòkè rí. Sísàlẹ̀ ló ń sá. “Wọ́n á bi mí pé ṣé ó ń bọ̀, màá ní kò bọ̀, ẹ lọ gbẹ́ ibòmíràn. Mi ò rí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n kó lọ, wọ́n sì rí omi mu níbi tí wọ́n kó lọ. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mi ò parọ́ fún wọn.”

Alhaji ní, “Na shaida.” Ìyẹn ni pé mo jẹ́rìí. “Abúlé ìyá mi ni.”

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ṣàìsàn nígbà ooru, kò pẹ́ tó fi kú, àsìkò ọdún Àjíǹde sì ni. Gbogbo Yorùbá tó mọ̀ wọ́n ti lọ sílé lọ ṣọdún. “Mo sin ín, èmi àti pásítọ̀ àti àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn. Mo dúró síbẹ̀, mo sọ fún Ọlọ́run pé, O mú mi wá síbi tí n kò lẹ́nìkan. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Mi ò tíì gbà á padà. Mi ò lè fi ìlú yìí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, mi ò sì lè pa á mọ́ kí n wá máa wàásù fún yín pé ó dára fún mi. Ibi tí Ìjábọ̀ mi dé nìyẹn.”

Ó fẹ́ jókòó. Alhaji gbé ọwọ́ sókè.

“Ba haka ba ne, Mallam.” Kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá dúró ní ìlàjì ìjókòó.

“A wà níbẹ̀,” Alhaji wí. “A ti ṣọ́ọ̀bù wa pa. Èmi àti alápatà àti ẹni tó ń ta kẹrosíìnì, àti àwọn mìíràn. Ìyàwó rẹ ló ń wá jókòó ti ìyá mi nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, tó ń bá a ka òwú aṣọ tí kò lè rí kà mọ́. Ṣé o rò pé a ó gbọ́ pé ó kú, ká máa tajà? A kò mọ̀ bóyá ìlànà yín gbà ká wọlé, a sì ń bẹ̀rù pé ká má ṣe ohun tí kò yẹ. A dúró lódìkejì ọ̀nà títí ẹ fi bo ilẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ọ kọjá níwájú wa. Orí rẹ wà nílẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?”

“Ta ní ń lọ sọ fún ọlọ́fọ̀ pé, ṣé o rí mi nígbà tí mo wá kí ọ?”

Bàbá tún dìde dúró. Ewé ń já bọ́ sórí àwọn àga. Mo ń wò ó, mo sì mọ ohun tí ìlànà wí: ẹni tí a bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. N kò lè bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́, n kò sì lè ní kó sọ ọ́. Ó di ẹ̀yìn àga mú.

“Ọjọ́ tí mo sin ìyàwó mi,” ló wí, ohùn rẹ̀ bá já. Ó tún bẹ̀rẹ̀. “Ọjọ́ tí mo sin ìyàwó mi, àwọn ará Hausari dúró lódìkejì ọ̀nà.”

“Na shaida,” Alhaji wí.

Àwọn méjèèjì wá wò mí. Ó wù mí kí n ní mo jẹ́rìí, ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. “Mo gbọ́,” ni mo wí, Bàbá sì mi orí sí mi pé bó ṣe yẹ kí n wí nìyẹn.

Bóyá ó gba ọ̀rọ̀ tó sọ fún Ọlọ́run padà lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀; kò sọ ọ́ sí mi létí. Lẹ́yìn tí mo dé Ìbàdàn, mo kọ̀wé, mi ò rí èsì gbà. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé e lọ sí Ìléṣà. Ẹlòmíràn ní rárá, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló sùn sí. Ohun tí ìlú náà fojú rí lẹ́yìn ìgbà náà, inú ìròyìn ni mo ti gbọ́ ọ bí ẹ̀yin náà ṣe gbọ́ ọ. Mi ò lè jẹ́rìí sí èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí rèé. Ọjọ́ Àìkú ni mo kúrò ní Maiduguri. A ti dágbére, ṣùgbọ́n mo ní kí onítakisí gba Galtimari kó tó gbé mi lọ sídìí ọkọ̀, ó sì dẹ eré níwájú ọgbà náà. Wọ́n ti kó àwọn àga yòókù wọlé. Mẹ́ta péré ló kù lábẹ́ igi. Ìpè ìrun ti tán, àwọn tó kírun ti ń jáde. Bàbá Ọ̀mọ̀wé jókòó sórí ọ̀kan, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò kọrin. Alhaji Modu ti ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dé, ó gbọn ewé kúrò lórí ìkejì, ó jókòó. Ó gbọn ewé kúrò lórí ìkẹta náà, bí ẹni tó mọ̀ pé Ìjábọ̀ kì í pé láìsí olùgbọ́ méjì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.